Aṣọ Mi Dà?

Bí Alága àwọn aránṣọ bá wọ ṣọ́ọ̀bù èèyàn láìkí i, kí onítọ̀hún yáa gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tó gbé obìnrin náà dé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni. Ìyá Abẹ́rẹ́ ń gé ọwọ́ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí Alága já wọlé, tó na fóònù sí i nímú bí ẹni tó fẹ́ fi gbá a.

"Ka nǹkan tó wà níbẹ̀ yẹn. Kà á sókè."

Ìyá Abẹ́rẹ́ wá awò ojú rẹ̀. Ojú ewé kan lórí ayélujára ló rí, tí wọ́n kọ àkọlé gàdàgbà sí lórí pé AṢỌ MI DÀ? Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá wà, gbogbo wọn ní òpópónà kan ṣoṣo yẹn, tí wọ́n tò wọ́n bí ẹni to ọ̀daràn. Níwájú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ iye ọjọ́ tí aránṣọ dá fún oníbàárà sí, àti iye ọjọ́ tí aṣọ lò kó tó jáde. Ṣọ́ọ̀bù Alága ló wà lókè pátápátá: ó dá ọjọ́ méje, ó lo ọjọ́ mọ́kànléláàádọ́ta. Ìkejì ni ṣọ́ọ̀bù Ìyá Abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì kan ló kọ̀wé sí i lábẹ́:

"Ó ní kí n wá ní Furaidé. Mo wá ní Furaidé mẹ́rin. Aṣọ ẹni ẹlẹ́ni ni mo wọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti sọ mí di ọ̀gá nọ́ọ̀sì. Òpùrọ́ ni obìnrin yìí, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ tó bá ń purọ́."

Ìyá Abẹ́rẹ́ mọ nọ́ọ̀sì náà dáadáa. Aṣọ rẹ̀ ṣì wà nínú àpò lábẹ́ tábìlì, sísọ́ọ̀sì ò tíì kàn án. Pé wọ́n pè é ní òpùrọ́ dùn ún, ṣùgbọ́n ẹ̀rín músẹ́ yẹn ló gún un lọ́kàn jù, torí pé òótọ́ ni.

Kó tó mọ ohun tí yóò sọ, àwọn aránṣọ yòókù ti kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fọ́fọ́. Ọ̀kan ní àwọn tó ń ta aṣọ rírán láti ilé iṣẹ́ ńlá ló wà nídìí ẹ̀. Òmíràn ní ọ̀tá ni, ọ̀tá ò sì ní orúkọ méjì. Ìyá Abẹ́rẹ́ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀rọ̀ náà bá òun wí. Ó gbé ohùn sókè ju tiwọn lọ, ó na ọwọ́ ọ̀tún sójú ọ̀run.

"Ẹni tó ṣe èyí kò ní jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bó ṣe dójú tì mí yìí, ojú á ti òun náà níwájú ẹni tó bí i!"

Gbogbo wọn ṣe àmín. Àmín wọn le débi pé ẹni tó ń ta bọ́tìnnì ní òdìkejì títì sọdá wá wò wọ́n. Òun náà ló gba fóònù lọ́wọ́ Alága, tó fi ìka fa ojú ewé náà wá sísàlẹ̀, tó sì ka ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò ní sùúrù láti kà: "Iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún karùn-ún, ẹ̀kọ́ Okòwò Orí Ayélujára àti Ọgbọ́n Ìyanjú Ìṣòro." Orúkọ ilé ìwé girama tó wà lókè àdúgbò ló tẹ̀ lé e.

Alága yíjú sí Ìyá Abẹ́rẹ́. "Ṣebí ibẹ̀ ni ọmọ tìẹ ń lọ?"

"Ibẹ̀ ni, Alága."

"Ìwọ lo máa ṣáájú wa débẹ̀ nìyẹn."

Ọmọ tí wọ́n ń sọ yìí ló sọ ìyá rẹ̀ lórúkọ. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Abẹ́rẹ́ láti kékeré. Ìyá rẹ̀ rántí pé ó ti sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ tuntun kan nílé ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn. Ó ní wọ́n ní kí àwọn wá ìṣòro kan ládùúgbò. Ìyá rẹ̀ ò gbé ojú kúrò lára aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìṣòro ò lè wọ́n nílé ayé," ló sọ. "Bá mi gbé ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn aṣọ yẹn wá." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí.

Ọ̀gá ilé ìwé jẹ́ ọkùnrin kan tó bẹ̀rù ariwo ju iná lọ. Nígbà tó rí aránṣọ mẹ́sàn-án tí wọ́n ń wọ ọ́fíìsì rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, ó kọ́kọ́ ti fèrèsé. Àga mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀. Alága jókòó sórí ọ̀kan, ó gbé àpò rẹ̀ sórí ìkejì. Wọ́n ránṣẹ́ pe olùkọ́ okòwò. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló wọlé, ẹfun pátákó ìkọ̀wé ṣì wà ní ọwọ́ rẹ̀, kò sì jókòó.

"Ta ló fún ẹ láṣẹ láti fi àgbàlagbà ṣe ẹ̀sín?" Alága bi í.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò ní kí wọ́n fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹ̀sín. Mo ní kí wọ́n wá ohun tó ń yọ ará àdúgbò lẹ́nu, kí wọ́n bi ogún èèyàn léèrè, kí wọ́n wá dá òwò kan sílẹ̀ lórí ayélujára tó lè yanjú ẹ̀. Nínú ogún tí wọ́n bi, mẹ́rìnlá ló ní aránṣọ."

"Mẹ́rìnlá!" Aránṣọ ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pàtẹ́wọ́ ìyàlẹ́nu. "Omi ò yọ, ọ̀nà ò dáa, iná ń lọ tó ń bọ̀, aránṣọ wá ni ìṣòro?"

"Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn, sà."

"Ẹ pe ẹni tó kọ ọ́ wá," ni Alága wí. "A fẹ́ rí ojú ẹ̀."

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ni wọ́n kó wá. Àwọn mẹ́ta ń wo bàtà wọn. Ẹnì kẹrin ni Abẹ́rẹ́. Ìyá rẹ̀ rí i, ṣùgbọ́n ó ṣì ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ nínú pé bóyá ọmọ òun kàn tẹ̀ lé wọn ni. Ọmọ náà ò jẹ́ kó parí èrò yẹn.

"Èmi ni," Abẹ́rẹ́ wí. "Àwọn mẹ́ta yìí kàn bá mi bi àwọn èèyàn ni. Èmi ni mo ronú ẹ̀, èmi ni mo kọ ọ́."

Alága ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú.

"Ìyá Abẹ́rẹ́, èpè àárọ̀ yìí ńkọ́? A mà ti ṣe àmín sí i."

Ìyá Abẹ́rẹ́ ò mọ ìgbà tí òun dìde. Ọwọ́ rẹ̀ ti lọ kó tó mọ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ sún bọ́ sáàárín, èjìká olùkọ́ ni ọwọ́ náà bà, pàù! Olùkọ́ ò pariwo. Ó kàn dúró síbẹ̀ bí ògiri, ọmọ náà sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ìyá rẹ̀ láìsẹ́jú.

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi èyí tàn yín jẹ," Alága sọ fún àwọn tó kù. "Ète ni. Ọmọ ò lè ṣe irú ẹ̀ kí ìyá má mọ̀. Ó fi ara ẹ̀ sípò kejì kí a má baà fura ni. Ó fẹ́ ba iṣẹ́ wa jẹ́, kó lè dá nìkan kó gbogbo oníbàárà."

"Èmi kẹ̀, Alága?"

"Ìwọ ni mò ń bá wí."

Ọ̀gá ilé ìwé nu òógùn ojú, ó sì dájọ́ kí ariwo má baà tún bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n yọ ojú ewé náà kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí olùkọ́ kọ lẹ́tà ìtọrọ àforíjì sí ṣọ́ọ̀bù mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Kí ẹ̀kọ́ okòwò náà sì dúró títí òun yóò fi rí aránṣọ tó máa fọwọ́ sí ìwé pé inú rẹ̀ ti rọ̀.

Ìyá rìn ṣáájú, ọmọ tẹ̀ lé e títí wọ́n fi délé. Ilẹ̀kùn ò tíì pa dé dáadáa tí ìyá fi yíjú padà.

"Ṣé mo bí ọ kó o wá máa tú mi sí ìhòòhò lójú ayé ni?"

"Màámi, irọ́ wo ni mo pa nínú ohun tí mo kọ?"

"Mò ń bi ọ́, ìwọ náà ń bi mí!"

"Nọ́ọ̀sì yẹn sunkún níwájú mi. Kò mọ̀ pé ọmọ yín ni mí. Kí ni kí n ṣe? Kí n yọ tiyín kúrò, kí n fi ti àwọn tó kù sílẹ̀?"

"Ẹ̀hẹ́n! Ohun tí ọmọ tó ní làákàyè máa ṣe nìyẹn!"

"Á jẹ́ pé èmi náà ń purọ́ nìyẹn."

Ìyá Abẹ́rẹ́ fi ọwọ́ gbá tábìlì. "O mọ ìdí tí mo fi ń sọ pé Furaidé? O rò pé ó wù mí? Bí mo bá sọ fún oníbàárà pé aṣọ ẹ̀ máa gba ogún ọjọ́, kí ló máa ṣe? Á ká aṣọ ẹ̀, á sọdá sọ́dọ̀ Alága. Alága á ní ọjọ́ méje. Ibẹ̀ ló máa gbé e sí, ibẹ̀ náà ló máa wà fún àádọ́ta ọjọ́! Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ òótọ́ ní òpópónà yẹn, ebi ló máa pa á kú. Gbogbo wa la mọ̀, gbogbo wa la jọ ń purọ́. Ìwé tó o fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń dójú ti ìyá ẹni, irọ́ Furaidé yẹn ló rà á."

Ohùn Abẹ́rẹ́ wálẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ èyí fún mi?"

"Ìgbà wo lo bi mí? O bi nọ́ọ̀sì, o bi onímọ́tò, o bi gbogbo ayé. Ogún èèyàn! O ń bá aránṣọ gbé nínú ilé kan náà, o ò bi í."

Abẹ́rẹ́ wọ yàrá. Ó mú ìwé rẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

"Kí lò ń kọ?"

"Ẹni kọkànlélógún."

Ìyá Abẹ́rẹ́ já ìwé náà gbà, ó jù ú sórí àpótí. Ó gba fóònù rẹ̀ pẹ̀lú, ó tì í mọ́nú àpótí náà, ó fi kọ́kọ́rọ́ sọ́rùn. Ọmọ ò bẹ̀bẹ̀, ìyá ò wẹ̀yìn.

Ìyà tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ìyà ẹnu. Alága nìkan ló ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbá etí aṣọ kí òwú má baà tú, gbogbo òpópónà ló sì ń lò ó. Ní Ọjọ́rú, Ìyá Abẹ́rẹ́ gbé aṣọ mẹ́ta lọ síbẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ń gbọ́ ariwo rẹ̀ látinú ilé. Ẹni tó ń ta bọ́tìnnì ní òwú funfun ti tán, bẹ́ẹ̀ ni òwú funfun wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn orí rẹ̀ bí eyín. Àwọn tó máa ń kí i láti òdìkejì títì wá ń wo ojú ọ̀run tí wọ́n bá ń kọjá. Obìnrin tó ti ń ránṣọ níbẹ̀ fún ọdún méjìdínlógún di àlejò láàárín ọjọ́ méjì.

Ní Furaidé, nọ́ọ̀sì náà wọlé.

"Aṣọ mi," ló wí. Kò kí i.

Ìyá Abẹ́rẹ́ fa àpò náà jáde lábẹ́ tábìlì. Nọ́ọ̀sì tú u, ó gbé aṣọ náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó rí i pé bó ṣe gbé e wá gẹ́lẹ́ ló wà. Ẹnu Ìyá Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín sí mi."

Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Ó wo ilẹ̀. Òótọ́ ló wá já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, òun gan-an ò retí ẹ̀. "Ó máa tó ogójì aṣọ tó wà níwájú tiyín lọ́jọ́ tí ẹ gbé e wá. Mo mọ̀ pé mi ò lè rán an. Ẹ má bínú."

"Mò ń bínú," nọ́ọ̀sì wí. Ó ń ká aṣọ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń di egbò. "Ká ní ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, bóyá ǹ bá dúró, bóyá ǹ bá lọ. Èmi ni ǹ bá yàn. Ẹ̀yin lẹ bá mi yàn án." Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ.

Ìyá Abẹ́rẹ́ dìde. Ó ka aṣọ tó wà nílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó wà lórí ìkọ́, èyí tó wà nínú àpò, èyí tó ti pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ kí oníbàárà má baà rí i. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí kò kà wọ́n, ẹ̀rù ló ń bà á. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ṣí àpótí, ó gbé fóònù lé ọmọ lọ́wọ́.

"Gbọ́ mi dáadáa. Mi ò dárí jì ọ́."

"Mo gbọ́, mà."

"Ṣùgbọ́n èpè tí mo ṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo kó o jẹ. Ìyẹn ò sí lára ìjà wa." Ó mí kanlẹ̀. "Aṣọ mẹ́tàdínlógójì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mò ń rán méjì lóòjọ́ tí iná bá wà. Ẹni tó bá gbé tuntun wá lónìí, ọjọ́ kọkàndínlógún ni. Kọ ọ́ síbẹ̀, kí gbogbo ayé rí i."

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Abẹ́rẹ́ fi tún ojú ewé tí wọ́n ti yọ kúrò náà ṣe láti ìpìlẹ̀. Kò sí ìtòlẹ́sẹẹsẹ ọ̀daràn mọ́. Aránṣọ tó bá fẹ́ nìkan ló máa wà níbẹ̀, á kọ iye aṣọ tó wà nílẹ̀ àti iye tó ń rán lóòjọ́, ojú ewé náà á sì fúnra rẹ̀ ṣírò ọjọ́ tí aṣọ tuntun máa jáde. Oníbàárà á wò ó, á yàn. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì kọ, ọmọ gbójú sókè, ó bi ìyá rẹ̀ bóyá kí òun pa á rẹ́.

"Fi sílẹ̀," ìyá wí, ó sì jáde lọ sẹ́yìnkùlé.

Olùkọ́ okòwò ló fúnra rẹ̀ gbé lẹ́tà ìtọrọ àforíjì wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Abẹ́rẹ́ kà á, ó ká a, ó fi há abẹ́ sísọ́ọ̀sì.

"Ìdajì iṣẹ́ lẹ kọ́ wọn," ó wí. "Ta ló sọ fún yín pé ẹni tó ń rojọ́ nìkan ló ní ìṣòro? Ẹni tí wọ́n ń rojọ́ rẹ̀ ńkọ́?"

Olùkọ́ ronú sí i. "Òótọ́ lẹ sọ, mà. Mi ò rò ó débẹ̀. Ẹ wá sọ ọ́ fún wọn."

"Inú ṣì ń bí mi."

"Ẹ gbé ìbínú náà dání wá."

Ó gbé e dání lọ lóòótọ́. Kíláàsì náà ní ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ọmọ àti kọ̀ǹpútà mẹ́jọ péré, méjì nínú wọn ò sì ṣiṣẹ́. Ìyá Abẹ́rẹ́ ò kí ẹnikẹ́ni. Ó na aṣọ kan tí wọn ò tíì gé sórí tábìlì, ó gbé ẹfun àti okùn ìwọ̀n tì í. "Ọjọ́ mélòó ni ká fi rán an?" Wọ́n ní ọ̀kan, wọ́n ní ààbọ̀. Ó pe ẹni tó ní ààbọ̀ jáde, ó ní kó wọn èjìká olùkọ́. Ọmọ náà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ó rí iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Agogo lù, wọn ò tíì fi ẹfun kan aṣọ. "Ó kù kí ẹ gé e," ló wí. "Ó kù kí iná lọ. Mẹ́rìndínlógójì ló tún wà nílẹ̀."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló wá dé tí ẹ fi gba èyí tí ẹ mọ̀ pé ẹ ò lè rán?"

Abẹ́rẹ́ wà lẹ́yìn pátápátá, ó tẹjú mọ́ ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú dé eteetí ètè Ìyá Abẹ́rẹ́, ó gbé e mì.

"Ẹ̀rù," ó dáhùn. "Ẹ̀rù pé tí oníbàárà bá lọ, kò ní padà."

"Ó sì lọ náà?"

"Ó lọ náà."

Ìyá Abẹ́rẹ́ fọwọ́ sí ìwé ọ̀gá ilé ìwé. Níbi tí wọ́n ti bi í bóyá inú rẹ̀ ti rọ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò tíì rọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ̀kọ́ náà máa lọ. Ọ̀gá ò mọ bí yóò ṣe ka ìyẹn sí, ó kàn dá ẹ̀kọ́ náà padà, ó sì sún un sí lẹ́yìn ìgbà tí ilé ìwé bá ti parí, níbi tí ariwo rẹ̀ ò ní dé ọ̀dọ̀ òun.

Nínú ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá, mẹ́ta ló gbà kí orúkọ wọn wà lójú ewé tuntun. Alága yọ orúkọ Ìyá Abẹ́rẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́, kò sì kí i mọ́ títí di òní. Etí aṣọ rẹ̀, ẹ̀yìn afárá ló ń lọ gbá a, ìrìn ogójì ìṣẹ́jú ní àlọ àti àbọ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ oníbàárà gbọ́ "ọjọ́ mọ́kàndínlógún", wọ́n pòṣé, wọ́n sọdá. Àwọn kan padà wá lẹ́yìn tí Furaidé àwọn ẹlòmíràn ti já wọn kulẹ̀. Àwọn kan ò padà mọ́.

Ti ọmọ àti ìyá, ìjà wọn ò tán, ó kàn pa àwọ̀ dà. Ọ̀sán ọjọ́ kan, Abẹ́rẹ́ ti ilé ìwé dé, ó ka aṣọ tó wà lórí ìkọ́, ó mú fóònù jáde.

"Màámi, ẹ ní ẹ̀ ń rán méjì lóòjọ́. Lánàá, ẹyọ kan àti apá kan lẹ rán. Mo ti sún ọjọ́ síwájú."

"Ta ló ní kó o sún un?"

"Aṣọ ló ní kí n sún un."

Ìyá Abẹ́rẹ́ pòṣé, ó ní ọmọ yìí ò ní jẹ́ kí òun rí ìsinmi láyé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lórí ẹ̀rọ bó ṣe ń sọ ọ́, torí ó ti rí oníbàárà kan tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ọjọ́ tirẹ̀ pé lónìí, bọ́tìnnì méjì ló sì kù.